Kí ni a lè fi pálẹ́ẹ̀tì onígi ṣe nínú ilé àti ọgbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá káfíńtà. Kubwa ní Àbújá ni à ń gbé. Nígbà tí a lẹ táìsì sí ilé wa tán, pálẹ́ẹ̀tì onígi mẹ́jọ tí wọ́n fi kó táìsì náà wá ṣẹ́ kù sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ mi ní kí a fi wọ́n dáná, ṣùgbọ́n igi náà ń ṣe mí láàánú. Kí ni a lè fi wọ́n ṣe? Ṣé kò sì léwu bí mo bá gbin ẹ̀fọ́ sínú wọn?

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí i. Kí ẹ tó mú ayùn, ẹ yí pálẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wò, kí ẹ wá òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISPM 15, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2002, ló sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n pa kòkòrò inú igi tí wọ́n bá fi kó ẹrù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, òǹtẹ̀ yìí sì ni ẹ̀rí pé wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí àwòrán ṣírí àlìkámà, lẹ́tà méjì tó dúró fún orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kàn án, nọ́ńbà ẹni tó kàn án, àti lẹ́tà ìtọ́jú. Bí ó bá jẹ́ HT, ooru ni wọ́n lò: wọ́n mú kí àárín igi náà gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán, wọn kò fi oògùn kankan sí i. Èyí dára fún ẹ̀fọ́. Bí ó bá jẹ́ MB, gáàsì methyl bromide ni wọ́n fín sí i, májèlé sì ni. Èmi kì í lo irú rẹ̀ fún oúnjẹ tàbí ohun tí ọmọdé yóò fọwọ́ kàn, mi ò sì ní gbà yín níyànjú láti fi dáná.

Òǹtẹ̀ kò lè sọ ohun tó dà sórí igi náà lẹ́yìn tí wọ́n lù ú. Èyí tí epo ti rin tàbí tí ó ń rùn bí oògùn apakòkòrò, ẹ má kó o wọlé rárá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ikán kò ní jẹ igi tó bá ti gba ooru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru pa ohun tó wà nínú igi lọ́jọ́ náà ni, kò fi ààbò kankan sílẹ̀, ikán Àbújá kò sì ní ṣàánú rẹ̀. Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹ bá kàn, ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù, kí ẹ sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ikán ti ń fi amọ̀ la ọ̀nà gùn ún. Àwọn kan máa ń fi òróró ẹ́ńjìnnì àlòkù kun igi nítorí ikán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é níbi tí ẹ̀fọ́ wà, nítorí ìdọ̀tí irin olóró wà nínú rẹ̀.

Ní ti títú u, ìṣó pálẹ́ẹ̀tì sábà máa ń lọ́, kí ó má bàa tètè yọ. Bí ẹ bá fi tipátipá já pákó náà, yóò là. Ẹ ti ayùn agérin bọ àárín pákó méjèèjì tí ìṣó so pọ̀, kí ẹ gé ìṣó náà níbẹ̀.

Fún ẹ̀fọ́, àpótí tí jíjìn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30 ni mo fara mọ́ jù. Ẹ fi àpò ìrẹsì tẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ lu ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè máa jò, kí ẹ wá po iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, nítorí pé èyí tó bá ṣì tutù yóò jó gbòǹgbò. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú yóò ṣe dáadáa níbẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé odidi pálẹ́ẹ̀tì ró ti ògiri, wọ́n á sì gbin nǹkan sí àlàfo ara rẹ̀. Ó wuni lójú, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kéré, nígbà ọyẹ́ yóò sì ti gbẹ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ fi irú èyí sílẹ̀ di ìgbà òjò.

Mẹ́rin tí ẹ bá so pọ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ibi tí ẹ ó máa da èèpo iṣu àti ewé gbígbẹ sí kí ó lè di ajílẹ̀; atẹ́gùn yóò máa gba àlàfo pákó wọlé, kò sì ní rùn.

Nínú ilé, iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún náà ló ṣì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹ tẹ́ odidi kan sí yàrá ìpamọ́, kí ẹ to àpò ẹ̀wà àti àgbàdo tí ẹ rà lẹ́yìn ìkórè lé e lórí, ọ̀rinrin ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kò ní ba ìsàlẹ̀ wọn jẹ́. Ó lè gbé dúróòmù omi kan, ṣùgbọ́n ẹ má gbé táǹkì lítà 1,000 lé e, nítorí omi inú rẹ̀ nìkan wúwo tó tọ́ọ̀nù kan.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ́ǹṣì, ẹ gbé méjì léra, ẹ fi sánpépà ha gbogbo ojú rẹ̀ kí ẹ̀gún igi má bàa gún ènìyàn, kí ẹ sì fi skúrù mú un dípò ìṣó. Ọyẹ́ máa ń mú kí igi súnkì, nítorí náà ẹ tún yí skúrù wọ̀nyẹn kí wọ́n le nígbà tí ọyẹ́ àkọ́kọ́ bá ti kọjá lórí rẹ̀.