Ara ọmọ sú lẹ́yìn tó lo amoxicillin: ṣé oògùn yẹn ti di èèwọ̀ fún un?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ibà àti ọ̀fìnkìn mú ọmọ mi, ọmọ ọdún 3. Mo ra amoxicillin fún un ní kẹ́mísì kan nítòsí Ọjà Ọba, l'Ákùúrẹ́. Ibà ti lọ, àmọ́ lọ́jọ́ kẹfà ara rẹ̀ sú. Kò fi bẹ́ẹ̀ yún un, ó ń jẹun, ó ń ṣeré. Ìyá ọkọ mi ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn yẹn mọ́ láé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ má tíì sọ ọ́ di èèwọ̀ (mo mọ̀ pé àtisọ èyí fún ìyá ọkọ ò rọrùn).

Bí ara bá kọ amoxicillin lóòótọ́, kì í sábà pẹ́. Láàárín wákàtí kan sí méjì, ara á ti lé bí ẹni tí èsìsì jó, á máa yún, ojú tàbí ètè lè wú, ọmọ lè máa mí hẹlẹhẹlẹ. Èyí tó wá yọ ní nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 10, tó wẹ́, tó ti àyà àti ẹ̀yìn ràn lọ sápá, ọ̀tọ̀ ni. Fáírọ́ọ̀sì tó fa àìsàn ọ̀hún ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, nígbà mìíràn òun àti oògùn ló jọ pàdé lára ọmọ. Èyí tí a mọ̀ jù níbẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr: fún ọmọ tó ní i ní amoxicillin tàbí Ampiclox, ara lè sú látòkè délẹ̀. Oògùn wọ̀nyí kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀fìnkìn lásán ò nílò wọn.

Síbẹ̀, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ gbé ọmọ wá ká fojú rí i. Bí súsú náà bá ti ojú àti ẹ̀yìn etí bẹ̀rẹ̀, tí ojú pọ́n, tí ibà sì ga, èéyi, ìyẹn measles, lọkàn wa máa kọ́kọ́ lọ sí, pàápàá bí kò bá gba abẹ́rẹ́ oṣù 9 àti oṣù 15. Bí ara bá ń lé ròrò, tó ń bó, tàbí egbò yọ lẹ́nu tàbí lójú, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ má sì retí kó pọ́n kẹ́ ẹ tó gbà pé ó sú. Lára aláwọ̀ dúdú, àtẹ́lẹwọ́ lè tètè mọ̀ ọ́n ju ojú lọ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé amoxicillin la kọ́kọ́ máa ń fún ọmọ tí òtútù àyà bá mú, àwọn ọmọ SS (fòníkú-fọ̀ladìde) kéékèèké sì ń lo penicillin, mọ̀lẹ́bí amoxicillin, lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sí káàdì pé ara ọmọ kọ̀ ọ́, oògùn tó wọ́n jù ni wọn yóò máa wá kiri.

Ẹ fi fóònù ya súsú náà báyìí kó tó parẹ́, kẹ́ ẹ sì mú ìgò oògùn dání. Bó bá yá, dókítà lè ní kó tún tọ́ ọ wò lójú wa ní ọsibítù. Ẹ má dán ìyẹn wò nílé.