Kí ni àwọn ọmọ ogun Kánádà ṣe ní Vimy nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní?

Òkè Vimy, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Jámánì ní ọjọ́ 9 sí 12 oṣù Kẹrin ọdún 1917. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ̀ka ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti Kánádà jọ jà pọ̀. Ọta àgbá tiwọn, tí wọ́n ń yìn láti ẹ̀yìn, ló ń ṣáájú wọn: ibi tó ń bọ́ sí ń sún síwájú ní nǹkan bíi mítà 90 ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn náà ń rìn tẹ̀lé e. Ẹni tó bá yára jù, ọta tiwọn ni yóò pa á. Ẹni tó bá fà sẹ́yìn, àwọn ará Jámánì á ti jáde nínú ihò, wọ́n á ti máa yìnbọn. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ fi ìrìn náà dánra wò lórí pápá tí wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù sàmì sí. Síbẹ̀, 3,598 nínú àwọn ọmọ ogun Kánádà ló kú. Julian Byng, ọ̀gágun wọn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni o, kì í ṣe ará Kánádà.