Orúkọ ọmọ mi kò sí lára àwọn tó gboyè: ṣé a lè pe yunifásítì lẹ́jọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Ọjà Àtàkúnmọ̀sà nílùú Iléṣà ni mo ti ń ta aṣọ. Ọmọ mi ọkùnrin ti parí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń múra àgùnbánirọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ àwọn tó gboyè jáde, a ò rí tirẹ̀. Wọ́n ní kò ní èsì kọ́ọ̀sì oníyúnìtì méjì kan láti ọdún kejì. Ó ní òun jókòó ṣe ìdánwò náà, fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù méjì rèé tí a ti ń bẹ̀ wọ́n. Àbúrò mi ní ká gba kóòtù lọ. Pásítọ̀ wa ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ọjà o. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, "oṣù méjì" yẹn ló gbà mí láyà jù, torí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ àti iléeṣẹ́ ìjọba: ẹni tó bá fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́nu iṣẹ́ wọn, oṣù mẹ́ta péré ló ní. Abẹ́ òfin yìí ni lọ́yà yunifásítì máa ń kọ́kọ́ sá sí. Ìlànà Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ti 2019 náà, oṣù mẹ́ta ló fún ẹni tó bá fẹ́ kí adájọ́ yẹ ìpinnu iléeṣẹ́ ìjọba wò. Ẹ̀bẹ̀ kì í sì í dá ọjọ́ dúró. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́ ní 1994, nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC, pé bí ẹ bá ń dúnàádúrà títí àkókò fi kọjá, ó ti kọjá náà nìyẹn. Àwọn àyè kéékèèké kan wà tí èèyàn lè gbà yọ, bíi kó fi hàn pé wọ́n fi èrò ìkà ṣe é, ṣùgbọ́n èmi kì í gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí orúkọ jáde ni kí ẹ ti máa kà á. Ìyẹn ni pé oṣù kan ló kù sí yín lọ́wọ́, tó bá tiẹ̀ pé.

Ní ti kóòtù fúnra rẹ̀, ẹjọ́ tí àwa lọ́yà máa ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ilé-Ifẹ̀ níbí ló ti ṣẹ̀. Akintemi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, kó tó di Obafemi Awolowo University, pe Ọ̀jọ̀gbọ́n Onwumechili tó jẹ́ gíwá lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìdánwò wọn. Ní 1985, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ta ló yege, ta ló yẹ kó gba oyè, ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni: ti Sẹ́nétì, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, ti ìgbìmọ̀ alákòóso, àti ti Vísítọ̀, ìyẹn alábẹ̀wò àgbà yunifásítì. Kóòtù ò ní bá wọn ṣe é. Wọ́n tún sọ ọ́ ní 2005 fún Magit, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó pe yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Makurdi lẹ́jọ́. Àmọ́ nínú ẹjọ́ Ifẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n fi kún un pé bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tó wá tẹ ẹ̀tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mọ́lẹ̀, kóòtù yóò dá sí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1986 nìyẹn, nígbà tí Garba àti àwọn yòókù borí University of Maiduguri. Wọ́n lé àwọn ọmọ náà torí rúkèrúdò, ẹni tó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ wọn wà lára àwọn tí rúkèrúdò náà ṣe lọ́ṣẹ́! Abala 36 ìwé òfin 1999 ló ni ẹ̀tọ́ yẹn báyìí: kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ má sì gbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí lọ́yà kankan kọ ọ́ síwèé pé kí adájọ́ fún ọmọ yín ní oyè, tàbí kó fún un ní máàkì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa lé yín. Ohun tí ẹ lè béèrè ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ tẹ̀lé hándíbúùkù tí òun fúnra rẹ̀ kọ, kí wọ́n wá ìwé ìdánwò náà, kí wọ́n dá ọmọ náà lóhùn, kí Sẹ́nétì sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Pásítọ̀ yín ò jẹ̀bi o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ìgbà tí yunifásítì di ọ̀rẹ́ wa. Kóòtù kọ́ ni ká kọ́kọ́ lọ, torí adájọ́ á béèrè pé ibo lẹ ti kọ́kọ́ gbé e lọ nínú ilé-ẹ̀kọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí gan-an, kí ọmọ yín kọ lẹ́tà sí HOD, ìyẹn olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, kó fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí díìnì àti rẹ́jísírà. Kó tẹ̀ ẹ́ ní méjì-méjì. Kí akọ̀wé gba ọ̀kan, kó lu òǹtẹ̀ "received" pẹ̀lú ọjọ́ sórí èkejì, kí ìyẹn padà sílé. Àìmọye ẹjọ́ ló ti bọ́ torí àìsí ẹ̀dà kejì yìí: òbí á ní àwọn lọ sí ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò sì ní sí bébà kan tó jẹ́rìí.

Fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ṣé HOD fọwọ́ sí i? Ọjọ́ wo ló wà lára òǹtẹ̀? Ṣé kóòdù kọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bá èyí tó wà lórí pótà mu? Mo ti rí i tí wọ́n yí kóòdù padà láàárín ọdún, tí máàkì wà lábẹ́ kóòdù tí kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Fọ́ọ̀mù yìí ò fi hàn pé ó ṣe ìdánwò o, ó fi hàn pé ó forúkọ sílẹ̀ ni. Ohun tó máa fi ìdánwò hàn ni ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, orúkọ àti nọ́ńbà mátíríìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọwọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn wà. Ẹ fi Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 béèrè rẹ̀. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì.

Bí ẹ̀ka bá dákẹ́, ó di ọwọ́ gíwá àti Sẹ́nétì. Lẹ́yìn wọn ló kan Vísítọ̀, Ààrẹ Nàìjíríà nìyẹn fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ẹ má dúró de èsì gbogbo wọn kí ẹ tó rí lọ́yà. Kí ìwé ẹjọ́ ti wà nílẹ̀ kí oṣù kẹta tó pé. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ni ẹ ó gbé e lọ, ti agbègbè wa wà ní Òṣogbo. Bó bá jẹ́ University of Ilesa ni, tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìpínlẹ̀ ni.

Bí wọ́n bá ní kó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe ní sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀, kó forúkọ sílẹ̀. Kó kàn kọ lẹ́tà kékeré kan ṣáájú pé òun ń ṣe é láìjáwọ́ nínú ẹ̀hónú òun. Ọjọ́ orí ni mo ń rò. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 30 lọ́jọ́ tó gboyè kò ní sin ìlú mọ́, ìwé ìyọ̀ǹda ni NYSC máa fún un. Tí ọmọ yín bá ti ń sún mọ́ ọn, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún lọ́yà, kó lè bẹ adájọ́ pé kó tètè gbọ́ ọ.