Èsì: Ìdí tí náílọ̀nù fi ń nípọn láàárín, tó ń fẹ́lẹ́ létí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹnu dáì pẹlẹbẹ yín (irin tí ike yíyọ́ ń gba ẹnu rẹ̀ jáde di náílọ̀nù) dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, síbẹ̀ náílọ̀nù ń nípọn láàárín ju etí lọ.

Inú dáì ni kí ẹ wò, kì í ṣe ẹnu rẹ̀ nìkan. Àárín ni ike yíyọ́ ń gbà wọlé. Èyí tó ń lọ sí etí ń rin ọ̀nà jíjìn, agbára tó ń tì í á sì ti dínkù kó tó débẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ inú dáì bí ìkọ́ tí a fi ń gbé aṣọ kọ́: ihò tó ń pín ike á máa kéré bó ṣe ń lọ sí etí, ọ̀nà tóóró iwájú rẹ̀ á sì gùn jù láàárín.

Kọ̀ǹpútà lè ṣírò gbogbo èyí kí a tó gé irin. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣírò bí ike ṣe ki tó, torí bí a bá ṣe ń tì í kíákíá tó ló ṣe ń ṣàn wẹ́rẹ́ tó. Fún ike tí power-law index rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bí títì í kíákíá ṣe ń yí kíki rẹ̀ padà tó) jẹ́ 0.5, bí àlàfo ẹnu dáì, láti òkè dé ìsàlẹ̀, bá fi 5% fẹ̀ sí i níbì kan, ohun tó ń gba ibẹ̀ jáde á fi bíi 22% pọ̀ sí i! Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn bí ike tí ẹ ń lò gan-an ṣe ki tó, ní ìwọ̀n ooru tí ẹ ń lò ó. LLDPE kì í ṣàn bíi LDPE, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike náílọ̀nù ni àwọn méjèèjì. Dáì tó bá ọ̀kan mu lè má bá èkejì mu.