Ìyá ọkọ mi ní Ẹfúnróyè kò ní wọ ilé òun

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtọ́kú ni mo ti ń ta àdìrẹ. Oyún mi ti wọ oṣù kẹjọ, obìnrin ni wọ́n sì sọ pé àyẹ̀wò fi hàn. Ẹfúnróyè ni mo fẹ́ sọ ọ́, nítorí Ẹfúnróyè Tinúbú, Ìyálóde Ẹ̀gbá. Láti pírámárì ni orúkọ yẹn ti wà lọ́kàn mi. Ìyá ọkọ mi ní orúkọ òrìṣà kò ní wọ ilé òun, pé ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ, ilé àdúrà sì nilé tàwọn. Bẹ́ẹ̀, Ògún ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìdílé wọn! Ọ̀rẹ́ mi kan ní wọ́n máa fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, pé orúkọ ìyá àgbà ni. Ọkọ mi ní kí èmi àti ìyá òun lọ yanjú ẹ̀ láàárín ara wa. Ìyá tó bí ìyá mi náà jẹ́ orúkọ tó ní Ẹfún níwájú, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó tún jẹ́ ẹ nílé wa. Kí ni kí n ṣe? Aládìrẹ, Ìtọ́kú.”

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ Ògún tó o sọ yẹn, gbé e mì. Òótọ́ ni, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó o bá sọ ọ́ lójú ìyá ọkọ rẹ, ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ ti parí nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìyàwó tó ń bú ìdílé ọkọ ló máa kù nílẹ̀. Àwọn tó ń jẹ́ Ògún, Ifá, Ọ̀ṣun àti Ṣó kún inú ṣọ́ọ̀ṣì Abẹ́òkúta, àwọn mìíràn tiẹ̀ wà lórí pẹpẹ, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn jà. Ìyá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó bá nílẹ̀ kò dẹ́rù bà á. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbé wọlé ló ń dẹ́rù bà á, ẹ̀rù yẹn sì ni kó o wá nǹkan ṣe sí.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ kò tó nǹkan. Kò sí orúkọ tí ọmọ ilé ìwé kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á gé e kúrú fún un, á di Róyè, Róyè sì dùn-ún pè. Orúkọ tó ṣàjèjì lónìí lè má ṣàjèjì lọ́la. Nígbà tí wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta níbí lọ́dún 1900, Frances Abigail wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, torí orúkọ òyìnbó ló gbayì láàárín àwọn onígbàgbọ́ nígbà náà, pàápàá àwọn tí ìdílé wọn ti Sàró, ìyẹn Sierra Leone, bọ̀. Ó lọ kàwé nílùú ọba, ó padà dé, ó sì jáwọ́ nínú Frances, Fúnmiláyọ̀ ló kù. Nítorí náà, ohun yòówù kí ẹ̀yin àgbà fẹnu kò sí lọ́jọ́ ìkómọ, ọmọ náà ṣì ní tirẹ̀ láti sọ.

Wàyí o, Tinúbú. Obìnrin ni, kò sí àríyànjiyàn. Wọ́n lé e kúrò l'Ékòó lọ́dún 1856, ó padà wá sí Abẹ́òkúta, kò sì jókòó tẹtẹrẹ. Nígbà tí Dàhòmì kógun wá bá Ẹ̀gbá lọ́dún 1864, ó wà lára àwọn tó dúró ti ìlú, ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í jẹ Ìyálóde. Èyí tí wọn kì í sábà kọ́ wa ní pírámárì ni pé ó ta ẹrú. Títà ẹrú wà lára ohun tó sọ ọ́ di olówó. N kò sọ pé kó o torí ìyẹn sá fún orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ tìtorí rẹ̀ lo ṣe sọ ọmọ lórúkọ, ọmọ náà á bi ọ́ ta ni obìnrin yẹn, kò sì yẹ kó jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ ẹrú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú lẹ́tà rẹ ni pé ìsàlẹ̀ pátápátá lo fi ìyá ìyá rẹ sí. Òun gan-an ni ìdáhùn rẹ! Ìyá ọkọ rẹ ní ilé là á wò. Ó dáa, ilé ìyá rẹ náà kì í ṣe ilé ni? Má purọ́ fún un o. Ìdílé àwọn olórìṣà Ọbàtálá ni orúkọ Ẹfún ti wá, àgbàlagbà bíi tirẹ̀ sì mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ fún un pé ìyá tó bí ìyá rẹ jẹ́ orúkọ tó ní Ẹfún níwájú, pé o kò fẹ́ kí Ẹfún parẹ́ nílé yín. Ó lè bá òrìṣà jà títí ilẹ̀ á fi mọ́, ṣùgbọ́n yóò ṣòro fún un láti bá ìyá àgbà tó ti sùn jà. Tó bá jẹ́ èmi ni, orúkọ tí ìyá ìyá rẹ jẹ́ gan-an ni mo máa gbé, màá fi Ẹfúnróyè sílẹ̀ fún Ìyálóde. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ń gbé oyún.

Ọkọ rẹ ni mo bínú sí. Kí ló ń jẹ́ ẹ lọ yanjú ẹ̀? Ìyá ta ni? Òun ló yẹ kó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, kó sọ pé, “Mọ́mì, èmi àti ìyàwó mi la jọ fẹ́ orúkọ yìí.” Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti ẹnu rẹ jáde, àfojúdi ni. Bó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, ìpinnu bàbá ọmọ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ìyá sọ ọmọ lórúkọ tirẹ̀. Ṣebí gbogbo ẹni tó bá sọ owó sínú abọ́ omi lọ́jọ́ ìkómọ ló lè sọ tirẹ̀. Bó bá fẹ́ Olúwa-kan-tàbí-òmíràn, kó sọ ọ́, kó sì máa fi pe ọmọ ọmọ rẹ̀ títí ayé. Ibi tó yẹ kó o ti la ojú rẹ ni bébà tí wọ́n máa kọ orúkọ sí fún pásítọ̀. Èyí tó bá ṣíwájú níbẹ̀ ló sábà máa ń ṣíwájú nínú ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, tó bá sì ti dé orí NIN, àtúnṣe rẹ̀ di kóòtù, ìwé ìbúra àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Ìwọ àti ọkọ rẹ ni kẹ́ ẹ jọ kọ bébà yẹn, ẹ má fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àmọ́ o, àyẹ̀wò máa ń ṣì í nígbà mìíràn, má tíì ra gbogbo aṣọ obìnrin tán. Bó bá sì jẹ́ obìnrin lóòótọ́, tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wá, Àìná ló ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó la ẹnu. Bó bá fẹsẹ̀ jáde, Ìgè ni. Ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ fún un.

Ohun kan tó o lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí: lọ bá ìyá ọkọ rẹ, kó o ní kó bá ọ wá oríkì tí ọmọ máa jẹ́, Àbẹ̀kẹ́ ni o, Àṣàkẹ́ ni o. Fi sílẹ̀ fún un pátápátá, má bá a jiyàn lé e lórí.

Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o.