Ẹ̀gbọ́n mi ń ka ọ̀rọ̀ mi, kì í fèsì

Àbúrò mi tó kọ̀wé láti Ìbàdàn, mo rí lẹ́tà rẹ. O ní ìwọ lò ń tọ́jú màmá yín tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra, àti pé bí ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin tó wà ní London bá ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ, ṣe ló máa ń dákẹ́. Lo bá kọ ọ́ sórí gúrúùpù WhatsApp ẹbí pé, "Àwọn kan ti gbàgbé ìyá tó bí wọn." Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè rẹ mọ́.

Mi ò gbè sẹ́yìn rẹ̀ o. Ẹni tó gbọ́ pé ara ìyá òun ò yá tó wá yadi, kò ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi hàn mí látòkè délẹ̀, mi ò rí ibi tí o ti sọ iye tí oògùn màmá ń ná yín lóṣù. "Nǹkan le", "Ọlọ́run ń wò wá", "Ẹ rántí ilé": kí ni kéèyàn fi ìyẹn ṣe? Ẹ̀sùn lò ń kà sí i lẹ́sẹ̀, o ò tíì tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Òkò ọ̀rọ̀ tí o wá sọ lójú gbogbo ẹbí ló ba nǹkan jẹ́ jù. Ẹni tí a dójú tì níta, bí yóò ṣe gbèjà ara rẹ̀ ló ń rò.

Kọ ìlà kan sí i ní kọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí ohun tí mo kọ. Ìgbà wo lọwọ́ yín máa ń dilẹ̀ kí n pè yín?" O ní iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, aago mẹ́jọ àárọ̀ lo sì máa ń pè é. Láti òpin Oṣù Kẹwàá sí òpin Oṣù Kẹta, aago méje ni tiwọn lọ́hùn-ún nígbà náà. Bóyá kò tíì kúrò níbi iṣẹ́.

Tó bá gbé e, kí i dáadáa, béèrè àwọn ọmọ. Kí rìsíìtì oògùn wà lọ́wọ́ rẹ: dárúkọ iye, sọ èyí tí o lè gbé àti èyí tí o fẹ́ kó gbé. Kó o wá dákẹ́. Ibi tó le fún àwa tẹ́nu wa yá nìyẹn, kó tó mí, a ti bá a dáhùn. Ó lè ní gbèsè tí o ò mọ̀. Tó bá ní "Mo ti gbọ́", má tíì dúpẹ́, bi í pé, "Ṣé kí n máa retí owó náà lópin oṣù?"

Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọkọ lo jẹ́ fún un nílé yín. Pe òun náà lọ́tọ̀, bẹ̀ ẹ́, má sì dárúkọ owó kankan létí rẹ̀.