Wọ́n Ń Yin Mísáìlì Láìkúrò Nílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ ayìnbọn nínú hẹlikópítà ogun Apache. Ó ní inú yàrá kan làwọn ti ń yin mísáìlì, pé símúlétọ̀ ni, ẹ̀rọ ìdánrawò tó ń ṣe bí hẹlikópítà gidi, kò sí ohun tó ń bú gbàù. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kì í ṣe eré ọmọdé ni wọ́n fi ń tàn wọ́n? Tó bá dójú ogun ńkọ́? — Ìyá tó ń ṣàníyàn

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀rọ olùkọ́, lẹ́yìn irú yàrá tí ọmọ yín ń sọ yẹn. Kì í ṣe eré. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín ní ìtàn nínú: nígbà tí Edwin Link ṣe àpótí tí wọ́n fi ń kọ́ ọkọ̀ òfuurufú wíwà ní Amẹ́ríkà ní 1929, àwọn ibi ìgbafẹ́ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á. Ní 1934 tí àwọn awakọ̀ sójà ń kú bí wọ́n ṣe ń gbé lẹ́tà nínú ojú ọjọ́ burúkú, ni iléeṣẹ́ ológun wá rà á.

Ọwọ́ ni a kọ́kọ́ ń kọ́. Mísáìlì Hellfire, tí Apache ń yìn, tó ń lo lésà, kì í dá ọ̀nà mọ̀. Ayìnbọn ló ń tan lésà sára ohun tó fojú sùn, ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán ò lè rí, mísáìlì á sì tẹ̀lé e. Ohun tí ìka ń fà láti tan lésà náà, bíi ti ìbọn, ní ìpele méjì: tí ìka bá fà á díẹ̀, á wọn bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó, tó bá fà á wọlé tán, lésà á máa tàn lọ. Bí ibẹ̀ bá tó kìlómítà 6, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú-àáyá ni kò gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, bí mísáìlì bá ti fò jáde báyìí, ìka rẹ̀ á dẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni mo ti máa ń dá gbogbo rẹ̀ dúró, kí n fi ibi tí lésà ti yẹ̀ hàn án, ká tún un ṣe. Ta ló máa fún un ní mísáìlì gidi fi ṣe bẹ́ẹ̀, nígbà tí owó ẹyọ kan lé ní 100,000 dọ́là?

Ìbọn 30 mm abẹ́ imú hẹlikópítà náà ń fẹ́ sùúrù. Ibi tí ayìnbọn bá kọ orí sí nínú akoto rẹ̀ ni ẹnu ìbọn lè máa tẹ̀lé. Orí gan-an gbọ́dọ̀ kọ́ ìwà.

Ẹ̀kọ́ tí n kì í fi ṣeré rárá ni ti ìgbà tí kò yẹ kí mísáìlì ba ibi tí wọ́n fojú sùn mọ́. Mísáìlì á ti wà lójú ọ̀run, màá wá jẹ́ kí ọkọ̀ àwọn ará ìlú yọ lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó fojú sùn. Ó gbọ́dọ̀ rọra gbé lésà lọ sórí ilẹ̀ gbalasa, kí mísáìlì lọ bú síbẹ̀. Tó bá pẹ́ jù, kò lè yí mọ́. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó pẹ́ jù, tí òógùn bò ó, tí kò lè sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kó dùn ún níbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò kú.

Ohun tí yàrá yẹn ò lè kọ́ ọ wà o. Ẹ̀rù gidi ò sí níbẹ̀. Tí bọ́tìnnì kan bá sì yàtọ̀ sí ti hẹlikópítà gan-an, ọwọ́ á kọ́ ìkọ́kúkọ̀ọ́, ó sì ṣòro láti gbà lọ́wọ́ ẹni. Ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣì ń lọ yìnbọn gidi ní pápá ìdánrawò. Òòyì náà máa ń kọ àwọn kan tí wọ́n bá jáde nínú símúlétọ̀. Kó má fi pa mọ́, kó sì sinmi kó tó fò.

Tó bá pè yín, ẹ bi í bóyá wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé lésà kúrò. Bó bá ní wọ́n ti kọ́ òun, tó sì lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, olùkọ́ tó mọṣẹ́ ló ní.